Ojú-ìwé Karùndínláàádọ́rin

Páálí ọṣẹ ni wọ́n fi ń kó wọn wá láti Kàbbà,
ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ní òórùn ọṣẹ nímú mi títí dòní.
Ọjọ́ Jímọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù,
Tísà Òtítọ́jù á sọ ọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì,
á máa tú okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń tú ẹran tó lè ta ni nípàá.
Àwa ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé, mẹ́tàdínlógún,
orúkọ wa wà nínú káàdì, owó wa wà nínú agolo mílíìkì.

Mo ti ṣa kọfí lóko bàbá mi fún Sátidé mẹ́rin,
èékánná mi ṣì pọ́n.
Mi ò ní torí ìwé ìmọ́tótó ná irú owó bẹ́ẹ̀.
Èyí tó ní ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ni mo fẹ́:
pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, fèrèsé kan tó ṣí,
ọwọ́ kan yọ níbẹ̀, ìka mẹ́fà.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́fà ni.

Ṣùgbọ́n Ibídàpọ̀ ló kọ́kọ́ yá a,
Ibídàpọ̀ ọmọ ahunṣọ ìsàlẹ̀ àpáta, tó ń jẹun tó ń kàwé.
Epo wà ní ojú-ìwé kejìlá,
ẹyọ ìrẹsì kan gbẹ mọ́ ibi tí òkú ti ń kanlẹ̀kùn.
Nígbà tó kàn mí, mo kà á nídìí àtùpà
títí ìyá mi fi ní, “Kárósíìnì kì í ṣe omi odò, ọmọ yìí.”
Mo bá wọ abẹ́ aṣọ ìbora tèmi ti tọ́ọ̀ṣì,
bátìrì tí a ti sá sóòrùn kó lè jí díẹ̀ sí i.
Lóde, ọyẹ́ ń súfèé lára páànù,
àpáta ẹ̀yìnkùlé wa jókòó sínú òkùnkùn
bí àgbà tí a kí ní “okùn o” tí kò dáhùn.
Ọmọ inú ìwé náà gun àtẹ̀gùn.
Ọmọ inú ìwé náà di ilẹ̀kùn mú.
Ilẹ̀kùn gbóná bí iwájú orí ẹni tí ibà ń ṣe.
Ó tì í,
ojú-ìwé kẹrìnlélọ́gọ́ta parí síbẹ̀.
Wọ́n ti fa èyí tó tẹ̀ lé e ya,
ó ku gbòǹgbò rẹ̀ lára ìránpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́nà odò, mo bi Ibídàpọ̀.
Ó ní ìyá ọmọ náà ló wà níbẹ̀, ó ń dín àkàrà.
Lọ́jọ́ kẹta ó ní rárá, kò sẹ́nì kankan, ìyẹn gan-an ló burú.
Lọ́jọ́ ìdánwò ìwé mẹ́fà, ó fẹnu sí mi létí:
“Ìwọ ló wà níbẹ̀.”
Mo wọ kíláàsì láìmú pẹ́ńsùlù.

Páálí kò wá mọ́ nígbà tó yá.
Àga tó kán ni wọ́n ń kó sí yàrá ìkàwé.
Mo ti ka ìwé tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù látìgbà náà,
kò sí ọ̀kan tó mú mi wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ọmọ mi ń wo òkú tó ń rìn lórí fóònù,
ó ń jẹ gúgúrú, ó ń rẹ́rìn-ín.
Mi ò bá a wí. Ẹ̀rù tirẹ̀ kò ní òórùn ni.

Níjẹta mo pe Ibídàpọ̀ ní Lọ́kọ́ja, níbi tó ti ń ta sìmẹ́ǹtì.
Okùn o, okùn o, ọmọ ńkọ́, òjò ńkọ́.
Mo ní, “Ojú-ìwé yẹn, ìwọ lo fà á ya, àbí?”
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já àpò sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní òun fà á ya kí òun má baà kà á ni.
Òun ká a, òun fi há ihò àpáta, òun fi òkúta dí i,
òun ò wẹ̀yìn.
Gbogbo èyí tí òun ń sọ fún mi nígbà náà,
òun ń wá èyí tí òun lè sùn tì ni.

Mo dé Ògìdì lọ́sàn-án yìí.
Ihò náà ti kéré sí i, àbí èmi ni mo tóbi.
Òkúta náà wà níbẹ̀, kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ.
Mo gbé ọwọ́ lé e.
Ó gbóná.
Oòrùn ni, mo mọ̀ pé oòrùn ni.
Mo ka ìka mi kí n tó tì í.